Mo Dojú Àwòrán Kànga Dé Nítorí Ṣúgà

Ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò wá tọrọ àánú. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sunkún, kó tọ́jú omi ojú rẹ̀. Ohun tí mo ṣe, mo mọ̀ pé mo ń ṣe é, ó sì dùn mọ́ mi nígbà tí mò ń ṣe é. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́, kó tó di pé ẹ̀yin náà jókòó níbi iṣẹ́ yín lọ́jọ́ kan tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún yín.

Níbi iṣẹ́ mi, Àǹtí Ògiri ni wọ́n ń pè mí. Ògiri ni mò ń wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ògiri inú kànga epo. Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga tán, wọ́n á sọ ẹ̀rọ kan sínú rẹ̀ tó ní apá mẹ́fà. Àtẹ́lẹwọ́ irin wà lórí apá kọ̀ọ̀kan, á máa fọwọ́ pa ògiri kànga bí wọ́n ti ń fà á bọ̀, á sì máa rán ìròyìn ohun tó fọwọ́ kàn. Èmi ni mo máa ń sọ ìròyìn náà di àwòrán lójú kọ̀ǹpútà: ibi tí òkúta ti sán, ibi tó ti dagun, ibi tí epo lè gbà jáde.

Tí kànga bá dúró ṣánṣán, ẹni tó dé ibi iṣẹ́ lánàá lè ṣe é. Àwọn tó tẹ̀, àti àwọn tó dùbúlẹ̀ gbalaja lábẹ́ ilẹ̀, àwọn ló ń fi ojú wa rí màbo. Ẹ̀rọ á fàyà lélẹ̀ nínú wọn. Àtẹ́lẹwọ́ ìsàlẹ̀ á rì sínú ẹrẹ̀ àti ẹ̀rúnrún òkúta, tòkè ò ní kan ògiri rárá. Ẹ̀rọ á lẹ̀ mọ́ ojú kan, wọ́n á fà á títí, á wá já fìrì. Àwòrán tó máa jáde, bíi pé màlúù jẹ ẹ́ tó tún pọ̀ ọ́ ni.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi wá ojúùtú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo kó àwọn àwòrán tó bàjẹ́ jọ, mo ń bi àwọn tó ń sọ ẹ̀rọ sínú kànga léèrè bí wọ́n ṣe ṣe é, mo sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan tó ní ẹ̀yìn líle. Kí wọ́n fi òrùka irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin sí iwájú àti ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kó má bàa fàyà lélẹ̀. Kí wọ́n fún apá rẹ̀ lágbára sí i, kí tòkè náà lè kan ògiri. Kí wọ́n yí páìpù, kí wọ́n sì fọ kànga náà dáadáa kí ẹ̀rọ tó wọlé. Kí wọ́n má sáré fà á. Ó rọrùn lẹ́nu, àbí? Iye òrùka àti ibi tó yẹ kí òrùka kọ̀ọ̀kan wà fún oríṣiríṣi kànga, ìyẹn ló jẹ ọdún mẹ́rin mi.

Ṣúgà dé bá mi lẹ́nu iṣẹ́ yẹn ni. Nítorí ẹnu dídùn rẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá kí ọ láàárọ̀, wàá rò pé ọjọ́ ìbí ẹ ni. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán. Nígbà tó fẹ́ bí ọmọ rẹ̀ kejì, tí ọkọ rẹ̀ ò sí nílé, ọkọ̀ mi ni mo fi gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lára àga ọkọ̀ náà dòní.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá mi ní ìbàdí. Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti tọ́jú wọn. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, Ṣúgà bá mi dé ìdí ọkọ̀.

“Àǹtí mi, ẹ fi ìwé yẹn sílẹ̀ fún mi. Tí iṣẹ́ bá dé, kí n má bàa máa yọ yín lẹ́nu níbi tẹ́ ẹ ti ń tọ́jú Mọ́mì.”

Mo fi sílẹ̀ fún un. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo padà, ọ́fíìsì dá. Wọ́n ní ìpàdé ń lọ ní yàrá ńlá. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bá Ṣúgà lórí ìdúró níwájú gbogbo àwọn ọ̀gá, àwọn àwòrán inú ìwé mi sì tò rẹrẹ lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìwé náà, mo ya òrùka kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta dípò mẹ́rin, torí pé bírò mi gbẹ kí n tó yà á tán. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn gan-an ló wà lára ògiri. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ò pé.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kí oṣù tó parí, wọ́n fi í jẹ ọ̀gá ẹ̀ka wa.

Mo ká a mọ́ ìdí ẹ̀rọ omi tútù.

“Ṣúgà, iṣẹ́ mi nìyẹn.”

Ó fọwọ́ bà mí léjìká. “Àǹtí mi, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni o, kì í ṣe ogún bàbá ẹnì kankan. Ẹ jẹ́ ká jọ máa yọ̀.”

“Kó ìwé mi fún mi.”

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. “Ìwé wo?”

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó gbé tábìlì mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ fótókọ́pì, níbi tí gbogbo ọ́fíìsì á ti máa fi ìdí gbún mi bí wọ́n bá ń dúró de ìwé wọn. Ó ní afẹ́fẹ́ dáa níbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ bẹ̀rù obìnrin tí wọ́n rẹ́ jẹ tó wá ń rẹ́rìn-ín. Ṣúgà sọ àpárá, mo rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bá òun mú omi, mo bá a mú un. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń bá a mú omi.

Iṣẹ́ ńlá kan wá dé. Kànga kan tó dùbúlẹ̀ gbalaja. Àwọn tó ni ín fẹ́ gbẹ́ ẹ̀ka kan jáde lára rẹ̀, wọ́n sì ń dúró de àwòrán wa kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òkè ni òkúta tó lépo wà tàbí ìsàlẹ̀. Tí wọ́n bá ṣìnà, inú omi ni wọ́n á gbẹ́ lọ.

Àbúrò mi ọkùnrin ni wọ́n rán lọ sọ ẹ̀rọ sínú kànga náà. Bàbá wa kú nígbà tó wà ní kíláàsì kejì nílé ẹ̀kọ́ girama. Èmi ni mo rán an níwèé dé yunifásítì, èmi náà ni mo bá a wá iṣẹ́ yìí. Ó ṣì wà lábẹ́ ọdún kan tí wọ́n fi ń yẹ òṣìṣẹ́ tuntun wò, ó ku oṣù méjì péré kí wọ́n gbà á wọlé pátápátá. Ìyàwó rẹ̀ lóyún oṣù méje.

Ó pè mí láti ibi kànga. “Ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi gan-an ni mo ṣe é. Òrùka mẹ́rin. Mo ní kí wọ́n fọ kànga fún wákàtí mẹ́fà, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lù mí.”

Mo rẹ́rìn-ín. “Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ lọ́la.”

Nígbà tí àwòrán náà jáde lójú kọ̀ǹpútà mi, omi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò rí èyí tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí látinú kànga tó dùbúlẹ̀. Gbogbo ìlà ara òkúta ló hàn, lókè nílẹ̀. Ìdọ̀tí tín-ín-rín kan péré ló ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀, torí pé kò sí bá a ṣe lè fọ irú kànga bẹ́ẹ̀ tó, ẹ̀rúnrún díẹ̀ á sùn sílẹ̀. Mo pe ara mi lórúkọ tí bàbá mi ń pè mí. Mo ní, “O ṣe é.”

Bẹ́ẹ̀ ni òórùn lọ́fíńdà Ṣúgà ṣe dé ẹ̀yìn mi.

“Ó mà dára o! Àǹtí mi, ẹ tètè parí ẹ. Ọ̀la ni mò ń gbé e síwájú àwọn tó ni kànga. Ẹ kọ orúkọ tèmi nìkan síbẹ̀ o, àwọn àlejò ò fẹ́ kí orúkọ pọ̀ jù.”

Kò bẹ̀rẹ̀ wo àwòrán náà. Ó ti ń lọ kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí Èṣù sọ sí mi létí. Nọ́ńbà kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń sọ èwo nínú apá mẹ́fà náà ló kọjú sókè. Àbúrò mi ló wọ̀n ọ́n níbi kànga, òun ló kọ ọ́ ránṣẹ́. Tí èèyàn bá fi ọgọ́sàn-án kún un, àwòrán á yí po ní ìdajì. Òkè á di ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ á di òkè. Kò sí nǹkan mìíràn tó máa yí padà. Á ṣì mọ́, á ṣì rẹwà, irọ́ ló kàn máa jẹ́.

Ìdọ̀tí tín-ín-rín yẹn nìkan ló máa tú àṣírí. Òkè ló máa lẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ìdọ̀tí ò gbé òkè rí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á rí i lójú ẹsẹ̀. Ṣúgà ò ní rí i. Ìwé ló jí, òye ò sí nínú ẹrù tó kó. Bàbá kan sì wà lára àwọn tó ni kànga, Bàbá Jígí là ń pè wọ́n nítorí awò ojú wọn tó nípọn, ojú wọn ò ní fo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo wá sọ fún ara mi pé kò sí kànga tó máa bàjẹ́. Bàbá Jígí á rí i, wọ́n á bi Ṣúgà, Ṣúgà ò ní rí èsì fọ̀. Èmi á wá dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, màá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un ṣe.” Gbogbo ayé á mọ ẹni tó ni iṣẹ́.

Àwọn yòókù ti lọ jẹun ọ̀sán. Èmi àti ẹ̀rọ fótókọ́pì nìkan ló kù. Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú. Mo tẹ nọ́ńbà tuntun, mo sì fi pamọ́.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ọkàn mi dá mi lẹ́bi. Mo gbé abọ́ oúnjẹ mi jáde, mo jẹ ẹ́ tán, mo tún fi ìka nu abọ́.

Lọ́jọ́ kejì, yàrá ìpàdé kún. Àbúrò mi wọlé tààrà láti ibi kànga, bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn. Ó jókòó lẹ́yìn, ó ṣẹ́jú sí mi. Inú rẹ̀ ń dùn pé wọ́n máa fi iṣẹ́ òun han àwọn àgbà.

Ṣúgà wọ aṣọ tuntun. Ó gbé àwòrán náà sára ògiri.

“Ẹ wo bó ṣe mọ́ kedere. Ọ̀nà tuntun tí èmi fúnra mi là sílẹ̀ la gbà ṣe é. Bẹ́ ẹ ṣe ń wò ó yìí, òkè ni òkúta tó lépo wà. Ìmọ̀ràn wa ni pé kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ lọ sókè.”

Bàbá Jígí yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi í sójú. Wọ́n dìde, wọ́n rìn dé ìdí ògiri, wọ́n fi ìka kan an.

“Ọmọ mi, kí nìyí?”

“Ìdọ̀tí ni, Bàbá. Díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù.”

“Mo mọ̀ pé ìdọ̀tí ni. Ta ló bá ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà?”

Ẹnì kan fi imú rẹ́rìn-ín. Ṣúgà wo ògiri, ó wo Bàbá, ó tún wo ògiri.

“Mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí ìyá ẹ tó mọ bàbá ẹ,” ni Bàbá Jígí wí. “Mi ò tíì rí kànga tí ìdọ̀tí ti fò lọ sókè. Àbí tiyín níyẹ̀ẹ́ ni?”

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin èèyàn, mo gbádùn ara mi! Òógùn bo ètè Ṣúgà. Ẹnu tó ń dà bí oyin yẹn là, ọ̀rọ̀ ò jáde. Oṣù mẹ́jọ omi mímu, mo gba gbogbo rẹ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo fi ìwé bo ẹnu mi kí wọ́n má bàa rí eyín mi. Mo gbé ìdí kúrò lórí àga láti dìde.

Ni Ṣúgà bá rí ohùn rẹ̀.

“Ẹ máa bínú, Bàbá. Àṣìṣe yìí ò wá láti ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ lọ síbi kànga ló wọ̀n ọ́n sódì. Òṣìṣẹ́ tuntun ni, a ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò.” Ó na bírò ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìn yàrá. “Òun nìyẹn.”

Àbúrò mi dìde. “Èmi kẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ̀n ọ́n, mà!”

“Báwo ni òkè ṣe wá di ìsàlẹ̀?” ni ọ̀gá àgbà wa bi í, ọkùnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè.

“Mi ò mọ̀, sà. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ni wọ́n gba nọ́ńbà náà lọ́wọ́ mi.” Ó yíjú sí mi. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún wọn.”

Gbogbo ojú dé sára mi. Mo ti ro ìpàdé yẹn nígbà ọgọ́rùn-ún, mi ò ro ibí yìí. Èrò mi ni pé ẹni tó bá fọwọ́ síwèé ni ẹ̀bi máa já lé lórí. Mo gbàgbé pé ẹ̀bi máa ń wá ẹni tó kéré jù nínú yàrá.

“Mi ò... màá yẹ̀ ẹ́ wò,” ni mo wí. Mo sì wo ilẹ̀.

Ọ̀gá àgbà ní kí àbúrò mi fi káàdì iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó lọ jókòó sílé títí wọ́n á fi ṣe ìwádìí. Mo gbọ́ ìró bàtà iṣẹ́ rẹ̀ dé ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ṣúgà wá bá mi nídìí fótókọ́pì lọ́sàn-án yẹn. Òun náà ló jókòó tì mí lọ́jọ́ tí àbúrò mi yìí kẹ́kọ̀ọ́ yege, tó ń bá mi hó yèè.

“Àǹtí mi, ẹ má fi sínú o. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni.”

“Mo mọ̀,” ni mo wí. Ẹ̀jẹ̀ mi ń hó. Bí mo bá sọ òótọ́, òun ló máa jáde ní mímọ́, èmi ló máa lọ. Mo kọ̀. Mo ní wọ́n á ṣèwádìí, wọn ò ní rí nǹkan kan, wọ́n á ní kí àbúrò mi padà síbi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń tan ara mi fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ìyàwó àbúrò mi pè mí lọ́jọ́ kejì. Ó ní ọkọ òun kì í jẹun, ó kàn ń ka ìwé kan náà lákàtúnkà. Ó ní dókítà ti kìlọ̀ fún òun pé kí òun má máa ronú.

Màmá mi náà pè.

“Ṣé o ti bá wọn sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ yín?”

“Mò ń bá wọn sọ ọ́, Mọ́mì.”

“Kí lo tún ń dúró dè? Ìwọ ni bàbá tó ní o!” Wọ́n mí kanlẹ̀. “Ẹni tó ṣe èyí fún ọmọ mi, iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ náà á dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò ní rí ẹni gbèjà rẹ̀. Ṣe àmín!”

Mo gbé fóònù kúrò létí.

“Ṣé o wà níbẹ̀? Mo ní kó o ṣe àmín!”

“Àmín, Mọ́mì.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, àbúrò mi wá sílé mi. Mò ń se omi tíì. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó yọ ìwé tó ti ká sí mẹ́rin lápò.

“Nọ́ńbà tí mo kọ ránṣẹ́ rèé. Mo bẹ ọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wa, ó bá mi ka èyí tó wà nínú iṣẹ́ yín.” Ó tẹjú mọ́ ìwé náà. “Ọgọ́sàn-án gééré ló fi ju tèmi lọ. Àṣìṣe kì í rẹ́gí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”

Omi ń hó. Mo pa gáàsì.

“Ṣé ẹ̀yin ni?”

“Ṣúgà ni mo fẹ́ mú,” ni mo wí.

“Mo mọ̀.” Ó rọra ká ìwé rẹ̀ padà. Mo retí kó pariwo, kó fọ́ ife, kó bú mi. Ó ní, “Ẹ máa mu tíì yín.” Ó sì jáde.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà: èmi, àbúrò mi, Ṣúgà, àti ọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin náà kà á jáde láìwo ojú ẹnì kankan.

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago kan kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Wọ́n yí nọ́ńbà náà padà. Kọ̀ǹpútà Àǹtí Ògiri ni.”

Ọ̀gá àgbà kọjú sí mi. Kí n tó la ẹnu, àbúrò mi ti sọ̀rọ̀.

“Èmi ni mo pè wọ́n lórí fóònù, sà. Ọkàn mi sọ fún mi pé mo ti wọ̀n ọ́n sódì. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi ọgọ́sàn-án kún un. Àṣìṣe tèmi ni.”

Kò wò mí. Irọ́ tí wọn ò kọ́ ọ nílé wa ló ń pa nítorí mi.

Ṣúgà ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ. “Ó ti jẹ́wọ́, sà. Ọ̀rọ̀ bùṣe.”

Ọ̀gá àgbà kọ nǹkan sí ìwé kan, ó tì í sí iwájú àbúrò mi pé kó fọwọ́ sí i. Ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ẹ̀yin òǹkàwé, mo tún dákẹ́. Mo jókòó, mo ń ṣírò bóyá mo ṣì lè bá a wá iṣẹ́ síbòmíràn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, mo ń wò ó bó ti ń wọ́. Àfìgbà tó mú bírò.

“Irọ́ ló ń pa,” ni mo wí. “Kò pè mí. Èmi ni mo yí i. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yí i ni.”

Bírò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ni gbogbo ohun tó wà nínú mi bá tú jáde. Mo sọ ti ìwé tí Ṣúgà gbà lọ́wọ́ mi nídìí ọkọ̀. Mo sọ ti ọdún mẹ́rin.

“Ẹ bi í ní ìdí tí òrùka tó yà fi ní ẹsẹ̀ mẹ́ta! Ẹ bi í ní iye òrùka tí kànga tó dùbúlẹ̀ ń gbà! Ẹ bi í nísinsìnyí, níbi tó wà yìí!”

Ṣúgà bú sẹ́kún. Omijé gidi. “Ẹ ò rí i, sà? Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń jowú mi. Mo kàn ń fara dà á ni.”

“Ìwé náà dà?” ni ọ̀gá àgbà bi mí.

“Ọwọ́ rẹ̀ ló wà.”

“Ta ló jẹ́rìí sí i?”

“Èmi, sà,” ni àbúrò mi wí. “Mo rí ìwé náà. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo ṣe níbi kànga yẹn.”

Ọ̀gá àgbà kọjú sí i. “Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ purọ́ fún mi níbi tó o jókòó sí yìí?”

Ọ̀gá àgbà yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ ò tiẹ̀ le.

“Ìyá, ó lè jẹ́ òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè dojú àwòrán dé nítorí ìbínú, báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu yín lásán dá ẹlòmíràn lẹ́bi?”

Mo ní òótọ́ lọ́wọ́, mi ò sì ní ẹnu tí mo lè fi sọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé ẹ̀san kì í dùn. Ìṣẹ́jú kan péré tó fi dùn yẹn, gbogbo ohun tí mo ní ni mo fi sanwó rẹ̀. Bí wọ́n bá jí iṣẹ́ yín, ẹ pariwo lọ́jọ́ tí wọ́n jí i, níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ yẹn gan-an, nígbà tí ọwọ́ yín ṣì mọ́.

Wọ́n dá mi dúró lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n dá àbúrò mi padà síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọdún kan kún ìgbà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí irọ́ tó pa. Abẹ́ Ṣúgà ló wà. Ọ̀nà tí mo là sílẹ̀ ni gbogbo wọn ń tọ̀ báyìí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é, mo sì gbọ́ pé òrùka ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà ṣì wà nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn tuntun. Mi ò dárí jì í. Tí pásítọ̀ bá bi mí, ohun kan náà ni màá sọ fún un.

Ìyàwó àbúrò mi ti bímọ. Ẹnu Màmá ni mo ti gbọ́ ọ. Mo pe fóònù àbúrò mi láti kí i, ìyàwó rẹ̀ ló gbé e.

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n gbé e fún wọn.”

Mo gbọ́ bí ọmọ tuntun ṣe ń ké, mo gbọ́ bí àbúrò mi ṣe ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Sọ fún wọn pé mo ti sùn.”

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni.